Ohun Tó Wà Lábẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì

Ìyá Ọṣẹ ni àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ àbísọ pè é, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Alágbàfọ̀ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì, níbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ń kùn láti àárọ̀, tí òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná àti ti ọṣẹ sì máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí àbàwọ́n tí kò rí rí: ẹ̀jẹ̀, ọtí, òógùn abíyá, ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́, èébì ọ̀mùtí. Ṣùgbọ́n mímọ̀ tó mọ ìdọ̀tí kò jẹ́ kó bá a rẹ́. Bó ti ń dàgbà ni ìríra rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Kì í mu omi nílé ẹni tí kò bá tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fọ ife. Bí ẹnì kan bá sín nínú báńkì, ó dìde nìyẹn.

Àkọ́bí ilé wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti ń dán lókè ti tó fún un. Bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ìbọ̀sẹ̀ tó wà nínú bàtà ọ̀hún, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí sí i. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí jíjókòó sílé sì sú u, ló bá rántí ọkọ̀ Bàbá.

Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni ọkọ̀ náà ti wà lábẹ́ àtíbàbà páànù lẹ́yìnkùlé Màmá. Ọkọ̀ gbọọrọ ni, ó láwọ̀ wàrà lókè, ó láwọ̀ wáìnì nísàlẹ̀, iná iwájú rẹ̀ rí roboto bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójijì. Láyé ìgbà yẹn, bó bá ń kọjá, àwọn ará àdúgbò á dúró wò ó. Àwọn ọmọ á fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn bí ìṣáná nínú páálí, wọ́n á máa kọrin. Bàbá á di sítíárì mú, á gbé àgbọ̀n sókè. Màmá á jókòó tì í níwájú, ẹ̀yìn wọn á nà tọ́ọ́rọ́, agolo onídèérí kan á wà lórí itan wọn. Kò sẹ́ni tó bi Màmá léèrè ohun tó wà nínú agolo náà. Àwọn ọmọ gbà pé bisikíìtì ni, pé Màmá kàn láhun ni. Bí Ìyá Ọṣẹ bá ní kí òun rántí ìgbà èwe, ọkọ̀ yẹn àti orin yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Bọ̀ọ̀dá wọ ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́, àwọn bàbá olórí funfun tí wọ́n máa ń pàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tí wọ́n á sì máa kí ara wọn kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe àfihàn ọkọ̀ ní pápá kan, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ti rí gbogbo rẹ̀ lójú ọkàn: òun nídìí sítíárì, Màmá níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, àwọn oníkámẹ́rà yí wọn ká. Ó wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà, tó sì bá a jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nígbà tó gbé e dé, gbogbo ẹbí pariwo. Ọkọ̀ ń kọ mànà bí ẹni pé àná ni Bàbá rà á. Ìyá Ọṣẹ gan-an pàtẹ́wọ́, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

“Inú ló kù,” ni Bọ̀ọ̀dá sọ fún un. “Ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì. Ìwọ lo mọ̀ nípa ìyẹn, àbúrò mi. Bá mi fọ̀ ọ́. Fọ̀ ọ́ lórí-lórí o, má tú nǹkan kan.”

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tó fi parí yẹn ta á létí, àmọ́ inú rẹ̀ ń dùn jù.

Bọ̀ọ̀dá gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ọṣẹ kó bọ́kẹ́ẹ̀tì, búrọ́ọ̀ṣì àti ìbọ̀wọ́ jáde, ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Òórùn tó jáde síta tì í sẹ́yìn. Ìtọ̀ eku ni, àti aṣọ tó bu, àti bẹntiróòlù tó ti sùn tipẹ́. Bọ̀ọ̀dá ti so lọ́fínńdà olóòórùn èso kan mọ́ dígí iwájú, àdàlú gbogbo rẹ̀ wá dà bí ìgbà tí èèyàn bá da ṣúgà lé èébì. Itọ́ kún ẹnu Ìyá Ọṣẹ. Ó tu ú dànù, ó fi aṣọ di imú, ó padà síbẹ̀.

Ó fa ìjókòó ẹ̀yìn. Ìjókòó náà gbé ara rẹ̀ sókè pẹ̀lú ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ṣí egbò. Ìtẹ́ eku ló wà lábẹ́ rẹ̀: fọ́ọ̀mù, irun, àti gèlè Màmá kan tó ti di ẹ̀ya wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ eku tó kú síbẹ̀ ti gbẹ, wọ́n fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹyin aáyán lẹ̀ mọ́ gbogbo igun. Ó rí ìyàrun Bàbá, ìpara orí ṣì wà láàárín eyín rẹ̀, ó ti di ẹrẹ̀, irun funfun mélòó kan sì rì sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ lánàá ni, á gbá ìyàrun náà mọ́ra. Ó fi ìka méjì gbé e sọ sínú àpò ìdọ̀tí.

Ó kù díẹ̀ kó sinmi nígbà tó tẹ kápẹ́ẹ̀tì, tí kápẹ́ẹ̀tì sì dún fọ̀ọ̀. Omi dúdú ru sókè láàárín ìka rẹ̀. Ó ká etí kápẹ́ẹ̀tì. Ìdin funfun ń yíra wọn po nísàlẹ̀, wọ́n sanra, bí ẹni pé ilé bàbá wọn ni. Lábẹ́ ìdin ni ọ̀dà dúdú wà, ọ̀dà tuntun, tí kò tíì gbẹ dáadáa. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Ìka rẹ̀ wọlé. Kì í ṣe irin ló tẹ̀, páálí ni. Wọ́n ti ya páálí, wọ́n kun ún lọ́dà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ihò tí ọmọ ọdún kan lè gbà jáde. Ó yẹ etí ilẹ̀kùn wò. Ibẹ̀ náà, ìwé ìròyìn ni wọ́n rún sínú irin tó ti jẹ, wọ́n fi ìpara líle tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ bò ó, wọ́n sì kun ọ̀dà wáìnì aláràbarà lé e lórí.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀, ó pe Bọ̀ọ̀dá lórí fóònù.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa bọ̀.”

“O ti fọ̀ ọ́ tán?”

“Ẹ ṣáà máa bọ̀.”

Bọ̀ọ̀dá dé pẹ̀lú bàtà funfun lẹ́sẹ̀. Nígbà tó rí ìjókòó nílẹ̀, ojú rẹ̀ korò. “Mo ní kí o má tú nǹkan kan.”

“Ẹ mọ̀ pé páálí ló wà níbí?”

“Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé ìsàlẹ̀ ti jẹ díẹ̀.”

“Díẹ̀! Bọ̀ọ̀dá, mo dúró síbí, mò ń rí èèrà tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀.”

“Wò ó, ta ló fẹ́ wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì? Ara ọkọ̀ ni wọ́n máa wò. Wọ́n á ya fọ́tò, a ó wálé, ó parí.”

Ìyá Ọṣẹ wò ó bó ṣe máa ń wo aṣọ ìdọ̀tí tí wọ́n fi lọ́fínńdà bò kí wọ́n tó gbé e wá. Àṣé kì í ṣe pé wọ́n tan Bọ̀ọ̀dá jẹ. Òun ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àkísà funfun nu táyà kan, nítorí dídán tí táyà náà ń dán kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Àkísà dúdú kirikiri. Pọ́líìṣì bàtà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, táyà ti sán bí gìgísẹ̀ tí kò rí ìpara rí.

“Ẹ sì fẹ́ gbé Màmá sínú nǹkan yìí,” ló wí.

“Jẹ́jẹ́ ni màá máa wà á. Ọ̀nà ò jìn.”

“Mi ò fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e kúrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi.”

“A ní kí o fọ kápẹ́ẹ̀tì, o sọ ara rẹ di ọlọ́pàá!” Bọ̀ọ̀dá ti ìjókòó padà sáyè rẹ̀, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tútù náà lé páálí, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, èéfín ń tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ àfihàn, Ìyá Ọṣẹ lọ sílé Màmá ní kùtùkùtù láti ní kí wọ́n má lọ. Ó bá wọn nínú ọkọ̀. Wọ́n ti wọ aṣọ tuntun, Bọ̀ọ̀dá ti gbé wọn jókòó síwájú, ó ń nu dígí.

“Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ yìí ò dáa.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ó dáa,” ni Màmá dáhùn. Ojú wọn kò sí lára ẹnikẹ́ni. “Má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ gùn. Ká lọ ká bọ̀.”

Bọ̀ọ̀dá ti ṣáná sí ọkọ̀. Ìyá Ọṣẹ kò lè jẹ́ kí ìyá òun nìkan lọ, ó tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ sórí ibi tó rò pé irin ṣì wà.

Wọn ò tíì jìnnà tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ó ń ta lójú, ó ń ta lọ́fun. Ìyá Ọṣẹ yí dígí sílẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i bọ́ sí i lọ́wọ́. Níwájú, ó rí ọrùn Màmá tó ń làágùn. Lẹ́yìn náà, èjìká Màmá gbọ̀n, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Èébì gba àárín ìka wọn dà sára aṣọ tuntun.

“Màmá, ìjókòó o! Ẹ má jẹ́ kó kan ìjókòó!” ni Bọ̀ọ̀dá kígbe.

Wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ ọjà ẹja. Bọ̀ọ̀dá tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ pátápátá bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ó tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Ẹ fa ti ọwọ́!” ni Ìyá Ọṣẹ ké.

Bọ̀ọ̀dá fa bíréèkì ọwọ́. Wáyà rẹ̀ já pàù. Ọkọ̀ ń sáré lọ, àwọn èèyàn tó ń sọdá nísàlẹ̀ ti ń fọ́n ká, wọ́n ń pariwo. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Bọ̀ọ̀dá yí sítíárì, ó sì forí ọkọ̀ sọ àkìtàn àwọn ẹlẹ́ja.

Àkìtàn náà rọ̀. Ohun tó gbà wọ́n là nìyẹn. Ó gbé ọkọ̀ mì dé ààbọ̀. Ìfun ẹja, ìpẹ́ àti orí ẹja bo gíláàsì iwájú, wọ́n ń ṣàn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú ẹja kan sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó ń wò wọ́n. Páálí tó wà nísàlẹ̀ já. Omi ẹja tó ti jẹrà gba ihò náà wọlé, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì bo ẹsẹ̀ Ìyá Ọṣẹ dé ọrùn ẹsẹ̀. Obìnrin tí kì í fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ balùwẹ̀ ara rẹ̀! Gbogbo ara rẹ̀ kọ̀. Orí Màmá ti gbá iwájú ọkọ̀, nítorí kò sí bẹ́líìtì kankan tó dì wọ́n mú. Ibẹ̀ ti wú.

Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ jáde. Ó wo iwájú ọkọ̀, ó ká ọwọ́ lérí. “Ọ̀dà mi o!” ló wí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rántí ìyá rẹ̀, tó sáré lọ ṣílẹ̀kùn.

Àwọn ẹlẹ́ja gbé omi wá. Wọ́n gbé Màmá jókòó sórí àpótí. Ìyá Ọṣẹ ń fi gèlè ara rẹ̀ nu ẹnu wọn. Ó kọjú sí Bọ̀ọ̀dá, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá gbé ọwọ́ sókè.

“Ohùn bàbá rẹ lo fi sọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan,” ni wọ́n sọ fún Bọ̀ọ̀dá. “Má jẹ́ kó kan ìjókòó. Bó ṣe máa ń wí gan-an nìyẹn.”

“Màmá, mi ò ní in lọ́kàn…”

“Ẹ rántí agolo tó máa ń wà lórí itan mi?”

“Agolo bisikíìtì,” ni Bọ̀ọ̀dá dáhùn.

Màmá yínmú. “Bisikíìtì wo? Èébì mi ni. Láti ìgbà tí ọkọ̀ yìí ti wà ní tuntun ni èéfín ti ń wọnú rẹ̀, ó sì máa ń rú mi nínú. Mo bẹ bàbá yín títí pé kó máa dúró kí n sọ̀ kalẹ̀ gba atẹ́gùn. Ó ní ọkọ̀ òun kì í ṣe ọkọ̀ èrò tó ń dúró kiri. Ó ní àwọn èèyàn ń wò wá, kí n na ẹ̀yìn mi, kí n ṣáà má ba ìjókòó òun jẹ́. Ẹ̀yin ń kọrin lẹ́yìn, èmi ń bì níwájú. Tí mo bá bì tán, màá dé e, màá sì tún na ẹ̀yìn.”

Ìyá Ọṣẹ kò lè wo ojú wọn. Ó rántí pé bí wọ́n bá ti dé ibikíbi, Màmá ló máa ń kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé lọ pẹ̀lú agolo náà. Ó rántí ọjọ́ kan tó di agolo mú, tó ń sunkún, tó ń fà á mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ pé àfi kí wọ́n fún òun níbẹ̀, tí Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín nídìí sítíárì. Bàbá mọ̀. Bàbá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èébì gbé Ìyá Ọṣẹ fúnra rẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn àpótí ẹja kan, ó bì í.

Nọ́ọ̀sì wo orí Màmá, ó ní wíwú lásán ni. Mẹkáníìkì kan ló wá wọ́ ọkọ̀ kúrò lórí àkìtàn. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí, nítorí kò sí ohun tó lè mú un yára, bí ilé tilẹ̀ ń jó. Ó gbé ọkọ̀ náà sókè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tan iná sábẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa kó tó jáde.

“Mà, páìpù bíréèkì ti jẹrà tán,” ló wí. “Bí wọ́n sì ṣe ṣe àwọn ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn, páìpù kan ló ń lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ibì kan bá ti jò, gbogbo ẹ̀ lọ nìyẹn.”

“Ẹ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin,” ni Ìyá Ọṣẹ dáhùn. “Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Mi ò fẹ́ fojú kàn án mọ́.”

Bọ̀ọ̀dá ń fi àkísà nu bàtà funfun rẹ̀.

“Rárá,” ni Màmá wí. Wọ́n jókòó sórí àga ike lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tútù lé wọn níwájú orí. “Ikùn mi jìyà nínú ọkọ̀ yìí ju ti gbogbo yín lọ. Kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kí n tó jẹ ìgbádùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Jẹ́jẹ́, ṣé o lè tún un ṣe kó di ọkọ̀ èèyàn?”

Jẹ́jẹ́ ro ó. “Mo lè ṣe é, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò lè sún mọ́ ọn.”

Ìyá Ọṣẹ mú ìbọ̀wọ́ kan nínú báàgì rẹ̀, ó fi lé Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá wo ìbọ̀wọ́, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì bọ́ bàtà funfun rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà mú bí iná. Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ kó ìfun ẹja jáde láti inú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ ọkọ̀. Ó fi ṣíbí ha ìpẹ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ó fa kápẹ́ẹ̀tì jáde, ó wúwo bí òkú ẹran, ìdin ń já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó lọ bì, ó padà wá. Ó tún lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, itọ́ ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Ọṣẹ dúró ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò ó. Ó ti rò pé inú òun á dùn. Inú rẹ̀ kò dùn. Ńṣe ni ìran náà ń rí i lára, bàbá àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ nínú ìdọ̀tí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó bu omi lọ fún un. Ó gbé ife náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fi lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni Jẹ́jẹ́ bọ́ sí i. Ó gé gbogbo irin tó ti dógùn-ún kúrò títí ọkọ̀ fi kù bí egungun, ó jó irin tuntun mọ́ ọn. Kò fi ìpara kankan bo nǹkan kan kó tó pe Ìyá Ọṣẹ wá wò ó. Ó gbé bíréèkì tuntun sí i, tí páìpù iwájú àti ti ẹ̀yìn kò da nǹkan pọ̀ mọ́, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá jò. Ó pààrọ̀ páìpù epo, ó pààrọ̀ sàláńsà, ó dí gbogbo ibi tí èéfín ń gbà. Wáyà iná àtijọ́ tí eku ti gé jẹ, ó tú u dànù, ó fa tuntun, ó fi fíúùsì sí i. Táyà tuntun. Wọ́n dáná sun fọ́ọ̀mù ìjókòó, Ìyá Ọṣẹ sì dúró títí ó fi di eérú. Ṣùgbọ́n sítíárì, rédíò, iná roboto àti àwọ̀ ara rẹ̀, bí Bàbá ṣe fi sílẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ dá a padà.

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ló dìjà. Jẹ́jẹ́ fẹ́ jó irin nínípọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀, kí bẹ́líìtì tó ń gba èjìká kọjá lè rí ibi dì mú.

“Ìyẹn máa bà á jẹ́,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Kò ní bẹ́líìtì láti ilé iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ò ní gbà á ní ojúlówó mọ́.”

Ìyá Ọṣẹ na ìka sí iwájú orí Màmá, níbi tó ti dúdú bí aró. “Ojúlówó nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ fún wọn.”

Kò tún sí ẹni tó dárúkọ ojúlówó ní ṣọ́ọ̀bù náà mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, alága ẹgbẹ́ wá yẹ ọkọ̀ wò. Ó rìn yí i ká, ó rí bẹ́líìtì, ó rí ohun tí orí ń fara tì lẹ́yìn ìjókòó, ó súfèé. “Ó mà ṣe o,” ló wí. “Ẹ ti ba ọkọ̀ àtàtà jẹ́. A ò lè gbà á.”

Ìyá Ọṣẹ ń retí kí Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kò bẹ̀ ẹ́. Ó wá rìn lọ síbi tí alága gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sí, ọkọ̀ kan tó ń dán débi pé èèyàn lè fá irùngbọ̀n nínú rẹ̀.

“Alága, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé kápẹ́ẹ̀tì yín sókè.”

“Kí ló dé?”

“Mo kàn fẹ́ wo abẹ́ ẹ̀ ni.”

Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n ń retí òun níbì kan. Bọ̀ọ̀dá dúró títí ọkọ̀ náà fi lọ, ó sì tutọ́ sílẹ̀, itọ́ gidi, irú èyí tí Ìyá Ọṣẹ kò lè fara dà. Lọ́jọ́ yẹn, ó fara dà á.

Wọ́n gbé Màmá jáde lọ́sẹ̀ náà. Ìyá Ọṣẹ ló wà á. Màmá kọ́kọ́ ṣàròyé nípa bẹ́líìtì: “Ṣé ẹ fẹ́ dì mí bí ẹrù ni?” Ṣùgbọ́n nígbà tó dún kẹ́ tó sì bá wọn lára mu, wọ́n dákẹ́. Wọ́n yí dígí sílẹ̀, wọ́n ń fa atẹ́gùn símú bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò kó tó gbà á. Kò sí èéfín. Wọ́n kọjá ọjà ẹja, bíréèkì mú ọkọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹni di ọmọ lọ́wọ́ mú. Ní ibì kan tí kò sí ilé, tí kò sí ṣọ́ọ̀bù, Màmá ní, “Dúró níbí.”

Ìyá Ọṣẹ dúró. “Ṣé inú ń rú yín, Màmá?”

“Rárá o. Mo kàn ní kí o dúró ni.” Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ó fi tó wọn, wọ́n wá ní kó máa lọ.

Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ náà ń jáde déédéé, Màmá ló sì ń sọ ibi tó ń lọ. Ìyá Ọṣẹ ń wà á nítorí tiwọn. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ padà. Bó ti wù kí ọkọ̀ náà mọ́ tó, bó bá ti jókòó sídìí sítíárì, imú rẹ̀ á máa wá òórùn kan tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Orin tí wọ́n máa ń kọ lẹ́yìn ọkọ̀, bó bá ti sọ sí i lọ́kàn báyìí, ńṣe ló máa ń tan rédíò.

Bọ̀ọ̀dá ló ń fọ ọkọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ fọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú fọ́tò Bàbá kékeré kan wá, nínú férémù tó dán gbinrin, Bàbá gbé àgbọ̀n sókè nínú rẹ̀. Ó ní ó yẹ kó wà níwájú ọkọ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ti máa rí i, torí pé Bàbá ló ni ín. Ó gbé e síbẹ̀, ó fi àkísà nu ún, ó wo Màmá lójú.

Màmá wo fọ́tò náà. Wọ́n fa bẹ́líìtì wọn, wọ́n dì í.

“Gbé e sí búùtù,” ni wọ́n wí.

Bọ̀ọ̀dá dúró, ó wo àbúrò rẹ̀. Ìyá Ọṣẹ ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti ṣí búùtù sílẹ̀ dè é.